Ẹ̀jẹ̀ Tí Wọ́n Kọ̀ Lọ́wọ́ Mi

Àbúrò mi obìnrin ló fẹ́ bímọ. Wọ́n ní iṣẹ́ abẹ ni wọ́n máa fi gbé ọmọ náà jáde, pé kí ẹbí wá ẹni tó máa fi ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀ kó tó wọlé. Ta ló kù bí kò ṣe èmi? Ọkọ rẹ̀ wà lójú ọ̀nà láti Àbújá, àwọn òbí wa sì ti darúgbó sí ìlú wa ní Àkókó. Mo ká ọwọ́ ẹ̀wù mi sókè, mo jókòó, mo tiẹ̀ ń ṣe yàngà fún obìnrin tó ń fa ẹ̀jẹ̀ pé kó fà á dáadáa, pé ara tèmi yìí kò mọ ibà. Ó rẹ́rìn-ín. Inú mi dùn.

Nígbà tó yá, ọkùnrin tó ń ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ yọjú, ó fọwọ́ pè mí wá sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Mo ti kọ́ ọmọ rẹ̀ ní ilé ẹ̀kọ́ rí, nítorí náà ó mọ̀ mí. Ó ní, "Tíṣà, ẹ̀jẹ̀ yín ò ní ṣeé lò o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ lọ rí dókítà. Ẹ má fòyà." Bí ènìyàn bá ti ń sọ fún yín nílé ìwòsàn pé kí ẹ má fòyà, ẹ ti mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ti bẹ́yìn yọ. Mo ní kí ló ṣe é? Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó sọ ọ́ sí mi létí: "Mẹ́dọ̀wú ni, àrùn ẹ̀dọ̀. Èyí tí wọ́n ń pè ní Síì."

"Mẹ́dọ̀wú báwo? Ṣebí mo ti gba abẹ́rẹ́ mẹ́dọ̀wú!" Ohùn mi ga ju bó ṣe yẹ lọ. Àwọn tó jókòó sórí bẹ́ǹṣì yíjú sí wa, mo sì rí ìyá kan tó sún ọmọ rẹ̀ mọ́ra. Ọkùnrin náà di mí lọ́wọ́ mú, ó ní kí n rọra.

Irọ́ kọ́ ni mo pa o. Ìjọ wa ní Ọ̀wọ̀ ló kó àwọn nọ́ọ̀sì wá lẹ́yìn ìsìn, tí gbogbo ìjọ tò sórí ìlà, bẹ̀rẹ̀ látorí àwọn baba ìjọ títí dé orí akọrin. A gba ti àkọ́kọ́, a gba èyí tó tẹ̀ lé e, a gbà á pé. Láti ọjọ́ náà, bí ẹnikẹ́ni bá dárúkọ mẹ́dọ̀wú, a ó ní, "Àwa ti parí ìyẹn." Kò sí ẹnì kan nínú wa tó béèrè pé mẹ́dọ̀wú mélòó ló wà. Èmi alára, olùkọ́ tí mo máa ń na ọmọ tí kò béèrè ìbéèrè, n kò béèrè.

Dókítà náà kéré lọ́jọ́ orí, kì í ṣe ọmọ ìhín, Yorùbá rẹ̀ dà bíi ti àwọn tó ń ka ìròyìn lórí rédíò. Ó ní Bíì nìkan ni abẹ́rẹ́ tí a gbà ní ṣọ́ọ̀ṣì ń dènà, pé Síì kò ní abẹ́rẹ́ àjẹsára kankan. Inú ẹ̀jẹ̀ ló ń gbé. Ó lè wà lára ènìyàn fún ọdún gbọọrọ láìdùn ún, kó máa ba ẹ̀dọ̀ jẹ́ díẹ̀díẹ̀. Ó ní oògùn oníhóró wà, oṣù díẹ̀ ni ènìyàn á fi lò ó, àrùn náà á sì kúrò pátápátá lára ọ̀pọ̀ ènìyàn. Ó bi mí bóyá wọ́n ti fa ẹ̀jẹ̀ sí mi lára rí, bóyá mo máa ń bá ẹlòmíì lo abẹ ìfárí kan náà, bóyá mo máa ń gba abẹ́rẹ́ lọ́dọ̀ àwọn kẹ́mísìtì àdúgbò. Lẹ́yìn náà ló bi mí pé, "Ìyàwó yín ńkọ́?"

Mo ní n kò tíì gbéyàwó. Ó wo ọjọ́ orí mi nínú ohun tó kọ sílẹ̀, ó wò mí, ó wá gbé ojú rẹ̀ sórí tábìlì, kò sì gbé e kúrò níbẹ̀ mọ́.

Ó ní, "Láàárín ọkọ àti aya, kì í sábà ràn. Ṣùgbọ́n níbi tí ẹ̀jẹ̀ bá ti lè kan ẹ̀jẹ̀, tí egbò bá wà, tàbí tí àrùn ìbálòpọ̀ mìíràn bá wà lára, ó lè ràn. Láàárín ọkùnrin àti ọkùnrin, ó máa ń ràn jù bẹ́ẹ̀ lọ, pàápàá tí wọn kò bá lo kọ́ńdọ̀mù. Gbogbo ènìyàn ni mo máa ń sọ ọ́ fún." Ó fi kún un pé, "Ẹni yòówù tó bá jẹ́, ẹ ní kó wá. Mi ò ní bi í ní ìbéèrè kankan."

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, mo jáde, mo lọ dúró sí ìdí ọ̀kadà àwọn ẹlòmíì níta bí ẹni tó ń wá kọ́kọ́rọ́. Ẹlòmíì ló fi ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀ fún àbúrò mi. Wọ́n gbé ọmọ náà jáde láyọ̀. Wọ́n gbé e lé mi lọ́wọ́, mo sì yí ojú mi sẹ́gbẹ̀ẹ́ kí n má baà mí sí i lójú, bẹ́ẹ̀ rèé, dókítà ti sọ fún mi pé èémí kì í kó o ran ènìyàn, bẹ́ẹ̀ ni oúnjẹ kì í kó o ràn.

Ó yẹ kí n sọ ọ́ báyìí, kí ẹ lè mọ ohun tí mò ń bá yí. Ọkùnrin kan wà. Ọmọ Iyere ni, ó ń ṣiṣẹ́ àgbẹ̀ fún ìjọba ìbílẹ̀ ní agbègbè Ọ̀sẹ̀, òun ló máa ń lọ wo oko kòkó àwọn ènìyàn, tí á sì sọ ohun tó ń pa kòkó wọn fún wọn. Ọ̀wọ̀ ló ń gbé, ilé rẹ̀ kò jìnnà sí tèmi. Ó ti pẹ́ gan-an tí a ti jọ wà, bí ọkọ ṣe ń wà pẹ̀lú aya. Mo fẹ́ràn rẹ̀. N kò mọ ọ̀nà mìíràn tí mo lè gbà sọ ọ́. Ẹ mọ ohun tí òfin sọ nípa irú wa, ẹ sì mọ ohun tí àdúgbò máa ṣe kí òfin tó dé. Ṣùgbọ́n ní ìlú tiwa, ọkùnrin méjì tó jọ ń jẹun nínú abọ́ kan, tó jọ ń sùn lórí bẹ́ẹ̀dì kan, ọ̀rẹ́ ni wọ́n. Àwọn ìyá àdúgbò a tiẹ̀ máa fi wá ṣe àpẹẹrẹ fún àwọn ọmọ wọn tó ń jà. "Ẹ wo Tíṣà àti ọ̀rẹ́ rẹ̀! Ẹ gbọ́ ìjà wọn rí?"

Ní ọ̀sán Sátidé, mo bá a lẹ́yìnkùlé rẹ̀ tó ń sun iṣu. Mo sọ fún un. Ó kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Mẹ́dọ̀wú kẹ̀? Ṣebí a jọ gba abẹ́rẹ́ ni?" Mo ṣàlàyé bí dókítà ṣe ṣàlàyé fún mi. Mo ní kó lọ ṣe àyẹ̀wò. Ó ń fi ọ̀bẹ ha ara iṣu, ó ń ha á, títí funfun rẹ̀ fi ń bọ́ sílẹ̀. Ó wá ní, "Ta lo bá lọ?"

"Kí ni?"

"Mo ní ta lo bá lọ? Àìsàn yìí kò lè jábọ́ láti òkè."

Ẹ gbà mí! Mo fẹ́ gbá a létí. Mo ní òun ńkọ́, ta ni òun bá lọ? Ṣé òun rò pé àìsàn náà kọ orúkọ ẹni tó kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ síwájú orí ni? Abẹ kan náà la fi ń fá orí ara wa lẹ́yìnkùlé yìí. Ó lè jẹ́ lára òun ni mo ti kó o, ó lè jẹ́ lára mi, ó lè jẹ́ kó ti wà níbẹ̀ kí a tó mọ ara wa, lọ́dọ̀ kẹ́mísìtì kan tó ti kú. Ta ló bìkítà? Ẹ̀dọ̀ rẹ̀ ni mò ń sọ! Ó gbé iṣu sílẹ̀. Ó ní kí n rẹ ohùn mi sílẹ̀, àwọn ènìyàn ń gbọ́. Ìgbà náà ló wá sọ ọ́, láìwò mí: ìyá òun ti bá òun wá ìyàwó, ọmọ Emure-Ile, àwọn méjèèjì ti ríra, wọ́n ti dá ọjọ́.

Mo ní ìgbà wo ló fẹ́ sọ fún mi? Ó ní òun ń wá àyè. Ó ní, "Tíṣà, mo ti lé lógójì. Ìyá mi ń sunkún sí mi létí ní gbogbo ìgbà tí mo bá lọ sí Iyere. Kí ni kí n ṣe? Ìwọ náà ló máa jẹ́ ọ̀rẹ́ ọkọ. Ta ni kí n tún mú?" Mo bi í pé ṣé orí ẹ̀ pé. Mo jáde láì jẹ iṣu kankan.

Mo lo oògùn tèmi. Mo ta ọ̀kadà mi láti rí i rà. Inú agolo Mílò ni mo ń kó o sí, tí mo ń gbé e mì láràárọ̀ kí n tó lọ sílé ẹ̀kọ́. Ó ń rẹ̀ mí díẹ̀, orí ń fọ́ mi, kò sì jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nígbà tí mo parí rẹ̀, dókítà ní kí n dúró díẹ̀ kí n tó padà wá fún àyẹ̀wò. Mo padà lọ, ó ní kò rí i mọ́. Mo fẹ́ dìde jó. Ó ní kí n jókòó. "Sísàn tí ẹ sàn yìí kì í ṣe ààbò o. Bí ẹ bá padà sọ́dọ̀ ẹni tó ṣì ní in, ẹ lè tún kó o." Ojú rẹ̀ ṣì wà lórí tábìlì. Ó ní, "Ṣé ó ti wá?"

Mo ní, "Kò tíì wá, sà."

Kò fẹ́ wá. Gbogbo ìgbà tí a bá ríra ni mo ń bẹ̀ ẹ́. Mo ti kọ̀ fún un láti fọwọ́ kàn mí, mo ní ó di ìgbà tó bá yẹ ara rẹ̀ wò, ìyẹn náà kò sì mú un lọ. Bẹ́ẹ̀ mò ń rí nǹkan tí n kò fẹ́ rí. Ọkùnrin tó máa ń gun òkè oko kòkó lọ́hùn-ún ní Ọ̀sẹ̀ láìmí gúlegúle ń jókòó sínú ilé láti ọ̀sán. Ó ń họ ara. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ń wú sínú bàtà. Eyín rẹ̀ ń ṣẹ̀jẹ̀. Ìyá rẹ̀ ní ibà pọ́njú ni, ó ń se àgbo fún un láti Iyere, ìkòkò lórí ìkòkò, ọmọ sì ń fi bíà sìn ín wálẹ̀ nítorí pé àgbo náà korò. Mo da bíà náà nù lójú rẹ̀. Ó lọ ra òmíràn.

Ní ọjọ́ kan, ó wá bá mi nílé ẹ̀kọ́ lákòókò ìsinmi ọ̀sán, ẹ̀rín kún ẹnu rẹ̀. Ó ní, "Ìjọ ti yẹ̀ mí wò! Mo mọ́!" Ẹ mọ̀ pé bí ẹni méjì bá fẹ́ ṣe ìgbéyàwó ní ṣọ́ọ̀ṣì wa, ìjọ ló máa yan ibi tí wọ́n á ti lọ ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀, ìjọ ló sì máa kọ́kọ́ gbọ́ èsì. Mo ní mẹ́dọ̀wú ńkọ́? Ó ní ó wà lára ohun tí wọ́n wò, wọ́n ní kò sí lára òun. Mo dì mọ́ ọn. Omi bọ́ lójú mi níwájú àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ tó ń ra bọ̀ọ̀lì.

Nígbà tó lọ tán, ọkàn mi kò balẹ̀. Mo lọ bá ìyá ìjọ tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ àwọn tó fẹ́ ṣe ìgbéyàwó, mo ṣe bí ẹni tí òun náà ń múra àtifẹ́yàwó. Ó yọ̀ mọ́ mi títí, ó ní Ọlọ́run ti gbọ́ àdúrà. Ó ka ohun tí wọ́n máa ń yẹ̀ wò fún mi: éèdì, jẹnotáìpù, oyún, mẹ́dọ̀wú. Mo ní mẹ́dọ̀wú èwo? Ó ní, "Bíì, ṣebí òun ni mẹ́dọ̀wú." Mo ní Síì ńkọ́? Ó ju ọwọ́ nù. "Síì? Ti àwọn tó ń fi abẹ́rẹ́ gún oògùn olóró sára lókè òkun nìyẹn. Ta ló ní in ní Ọ̀wọ̀ níbí?" Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Mo ti ibẹ̀ lọ bá ọ̀rẹ́ mi nílé rẹ̀. Mo dọ̀bálẹ̀ fún un, èmi tí mo jù ú lọ. Mo ní kó lọ ṣe Síì, kó má ṣe é ní Ọ̀wọ̀, kó lọ sí Àkúrẹ́, kó sọ orúkọ tó bá wù ú. Ó jókòó síwájú mi, ó ń họ apá rẹ̀. Ó ní, "Bó bá wà níbẹ̀ ńkọ́? Wọ́n á bi mí pé níbo ni mo ti kó o. Ìwọ kò ní ìyàwó, kò sẹ́ni tó bi ọ́. Èmi, ìyá mi á bi mí. Ẹbí ìyàwó á bi mí. Kí ni mo fẹ́ sọ?"

"Sọ pé abẹ ìfárí ni! Sọ pé kẹ́mísìtì ni! Sọ ohunkóhun!"

"Ojú mi á sọ ọ́ fún wọn." Ó wá rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀. "Tíṣà, jẹ́ kí n kú bí ọkùnrin."

Inú bí mi. Mo ní kú bí ọkùnrin wo? Ènìyàn tí ikùn rẹ̀ wú, tó ń bi ẹ̀jẹ̀, irú ọkùnrin wo nìyẹn? Àti obìnrin yẹn, kí ló ṣe fún un? Mo jókòó tì í títí ilẹ̀ fi ń ṣú, mo sì kúrò níbẹ̀ láìrí nǹkan kan gbà lẹ́nu rẹ̀.

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kéde ìgbéyàwó náà ní ṣọ́ọ̀ṣì, bí wọ́n ṣe máa ń ṣe é, ní Sọ́ńdè mẹ́ta tó tẹ̀ léra wọn. Ní ti ìkẹyìn, àlùfáà tún béèrè bóyá ẹnikẹ́ni mọ ohun tí kò fi yẹ kí wọ́n so àwọn méjèèjì pọ̀. Àwọn ènìyàn yíjú sí mi, wọ́n ń rẹ́rìn-ín músẹ́, nítorí pé ó ti sọ fún wọn pé èmi ni ọ̀rẹ́ ọkọ. Ọkọ ìyàwó náà wò mí. Ojú rẹ̀ ti pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, ẹ̀rù sì wà nínú rẹ̀, ẹ̀rù èmi. Mo dìde. Mo fọwọ́ bo ẹnu bí ẹni tí ikọ́ mú, mo gba ẹ̀gbẹ́ jáde. N kò jẹ́ sọ ọ́ níwájú ìjọ láéláé. Wọn ì bá pa á kí ẹ̀dọ̀ tó pa á.

Lọ́jọ́ kejì, mo wọ ọkọ̀ lọ sí Emure-Ile. Télọ̀ ni ìyàwó tí wọ́n wá fún un, ó ní ṣọ́ọ̀bù kan lẹ́bàá títì. Òun ló fẹ́ rán aṣọ tí èmi àti ọkọ ìyàwó máa wọ̀, ó sì ti ń retí mi kó lè wọn ara mi. Ó kúnlẹ̀ kí mi, ó ní, "Bọ̀ọ̀dá Tíṣà, ẹ káàbọ̀," ó fi okùn ìwọ̀n yí mi láyà. Ọmọlúàbí obìnrin ni. Mo ti ń wá ohun tí màá fi kórìíra rẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́, n kò rí i.

Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, kí ẹ tó ṣe ìgbéyàwó, kí ẹ̀yin méjèèjì lọ ṣe àyẹ̀wò mẹ́dọ̀wú Síì. Èyí tí ìjọ ṣe fún yín kò ka Síì mọ́ ọn."

Ó ń wọn èjìká mi. "Kí ló dé? Ó ní in ni?"

"Mi ò mọ̀. Èmi ni mo ní in. Mo ti gba ìwòsàn."

"Ẹ̀yin lẹ ní in." Ọwọ́ rẹ̀ dúró lẹ́yìn mi. "Òun ló wá yẹ kó lọ yẹ ara rẹ̀ wò."

N kò lè rí ojú rẹ̀ nítorí ẹ̀yìn mi ló wà. Mo gbọ́ tí ọkọ̀ ńlá kan kọjá lójú títì. Lẹ́yìn náà, ó bọ́ síwájú mi, ó gbé apá mi sókè, ó wọn ọwọ́ aṣọ láti èjìká dé ọrùn ọwọ́, ó tún un wọ̀n.

Ó ní, "Mo mọ̀ pé ẹnì kan wà. Bí a bá jókòó, ọkàn rẹ̀ kì í sí lọ́dọ̀ mi. Gbogbo obìnrin Ọ̀wọ̀ ni mo ti fi ojú wá." Ó ká okùn náà mọ́wọ́. "Ṣé ó lè pa á?"

"Ó ti ń pa á."

"Mo máa mú un lọ. Màá ní èmi ni mo fẹ́ ẹ bẹ́ẹ̀. Mi ò ní sọ pé ẹ̀yin lẹ wí." Ó lọ jókòó sídìí ẹ̀rọ rẹ̀. "Ẹ má wá síbi ìgbéyàwó. Ẹ má wá sọ́dọ̀ wa mọ́."

Mo ní mo gbọ́. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Kí ni mo tún fẹ́ sọ?

Ó mú un lọ lóòótọ́. Mo gbọ́ ọ díẹ̀díẹ̀ lẹ́nu àwọn ènìyàn: pé ìyàwó náà kọ̀, ó ní òun ò ní dúró níwájú pẹpẹ láìṣe àyẹ̀wò kan ní Àkúrẹ́, pé wọ́n sún ọjọ́ ìgbéyàwó síwájú, pé ọkọ ń lo oògùn ẹ̀dọ̀, pé kẹ́mísìtì kan ló kó o ràn án nígbà èwe. Wọ́n ní ẹ̀dọ̀ rẹ̀ ti ní àpá, ṣùgbọ́n kò tíì kọjá àtúnṣe. Mo ń gbọ́ ọ, mo ń ní, "Ọlọ́run ṣeun," bí ọ̀rẹ́ ṣe máa ń sọ ọ́. Wọ́n ṣe ìgbéyàwó náà. Mo rin ìrìn àjò lọ sí Àkókó lọ́jọ́ náà, mo sọ fún gbogbo ayé pé bàbá mi ń ṣàìsàn. Láti ìgbà náà, bí a bá pàdé lójú ọ̀nà, òun á wo ilẹ̀, èmi á wo òkè.

Mo wà ní kíláàsì ní ọ̀sán kan tí fóònù mi dún. Nọ́ńbà rẹ̀ ni. Mo jáde sí kọ́rídọ̀.

Ó ní, "Tíṣà. Wọ́n tún mi yẹ̀ wò láàárọ̀ yìí. Kò sí mọ́."

Mo ní, "Kò sí mọ́?"

"Kò sí rárá." Mo ń gbọ́ èémí rẹ̀. Mo ṣáà ń pe orúkọ rẹ̀. Mo gbọ́ ohùn ìyàwó rẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀ tó béèrè pé ta nìyẹn.

Ó dá a lóhùn pé, "Mo ṣi nọ́ńbà tẹ̀ ni."

Ó pa fóònù. Mo padà wọlé. Mo ní kí gbogbo kíláàsì ka ìwé wọn sókè, pẹ̀lú gbogbo ohùn tí wọ́n ní, mo kọjú sí pátákó, mo sì ń sunkún.